Gàá, Sábó àti Ìkòyí: Bí Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Lè La Ọ̀nà Láàárín Àdúgbò Tí Wọ́n Fi Ẹ̀yà Pín

Gàá-Àkànbí ni orúkọ àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìlọrin. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀bù sì tò lọ bẹẹrẹ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ẹ bá béèrè ìtumọ̀ "gàá" lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ fún yín pé orúkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àdúgbò. Gàá ni ibùdó tí àwọn Fúlàní darandaran ń dó sí pẹ̀lú màlúù wọn. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gàá pọ̀ ní ìgboro Ìlọrin lónìí, nítorí pé ìlú ń gbòòrò títí ó fi bá wọn níbi tí wọ́n wà. Ẹ sì tún orúkọ àdúgbò mi wò: Fúlàní ló dó sí gàá, oríkì ọmọ Yorùbá sì ni Àkànbí. Àwọn méjèèjì ti wà nínú orúkọ kan ṣoṣo tipẹ́tipẹ́.

Ọmọ Eruku ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀gbẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn ìlú ni gàá tí àwa mọ̀ wà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa ru igbá wàrà wọlé wá láàárọ̀, bí oòrùn bá sì ti ń rọ̀, wọn á ti padà. A mọ adùn wàrà wọn, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ọmọ wọn. A kì í jẹun nílé wọn, àwọn náà kì í sùn nílé wa. Kò sí odi kankan láàárín wa, kò sì sí òfin kankan, síbẹ̀ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ ibi tí ààlà wà.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jí ènìyàn 38 gbé wọ inú igbó lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìròyìn dé pé gbogbo àwọn 38 náà ti gba òmìnira. A dúpẹ́, a sì ṣọ̀fọ̀ àwọn tí kò ní padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò bá àwọn ènìyàn wa padà láti inú igbó. Ìyá mi kò ra wàrà mọ́. Obìnrin tó ti ń gbé e wá fún un láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kí i, ìyá mi dáhùn láti inú ilé, kò sì jáde. Ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kan obìnrin náà. Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀rù ń ba òun náà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. N kò dá ìyá mi lẹ́bi. Mo kàn ń ronú pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí fún ọdún mẹ́wàá sí i, Eruku lè di ìlú méjì tí kò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yà pín àdúgbò, àti bí àwọn kan ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Ta ló fa ààlà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá gbé lọ́tọ̀ nínú ìlú ńlá jẹ́ ohun tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ààlà náà ni a mọ ọjọ́ orí wọn. Ní ọdún 1897, dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross rí ẹ̀rí pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Dípò kí àwọn aláṣẹ òyìnbó kan gbájú mọ́ ẹ̀fọn, ohun tí wọ́n sọ ni pé ara àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń kó ibà, àti pé kí òyìnbó jìnnà sí wọn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ Hill Station sórí òkè ní Freetown, olú ìlú Sàró, ní ọdún 1904, kí àwọn òyìnbó lè máa sùn níbẹ̀ láìsí aládùúgbò dúdú.

Ní Èkó, Gómìnà William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kò fara mọ́ èrò yìí. Ó ní kí wọ́n fa omi inú àbàtà gbẹ, kí wọ́n sì pín oògùn ibà fún tẹrú-tọmọ. Ọ̀kan lára àwọn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láyé ìgbà náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Nígbà tó yá, tí ìjọba wá sọ Ìkòyí di ibùgbé àwọn òyìnbó, ojú omi tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ìyàsọ́tọ̀ ló wá di ààlà láàárín Ìkòyí àti Erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1917, ìjọba Lugard ṣe òfin tó fi ìdí ibùgbé ọ̀tọ̀ fún òyìnbó múlẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Nàìjíríà. Lugard fẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣófo, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó yáàdì 440, wà láàárín ilé òyìnbó àti ilé dúdú. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó lè sùn mọ́jú ní ọ̀hún.

Síbẹ̀, òyìnbó nìkan kọ́ ni ìtàn yìí bá wí. Ọdún 1916 ni wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn. Àwọn ìjòyè ìlú fẹ́ mọ ibi tí àlejò wà, àwọn Hausa náà sì fẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa ṣe òwò obì àti màlúù lábẹ́ olórí tiwọn. Láti inú "sabon gari" ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hausa sì ni ìlú tuntun. Ní Kánò, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀, àwa Yorùbá àti àwọn ará gúúsù yòókù ni àlejò tí wọ́n fún ní Sabon Gari lẹ́yìn odi ìlú. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà tó ṣòwò ní Kánò yóò mọ̀ pé àwa náà ti wà níbi tí wọ́n ti ń wo ènìyàn bí ará ẹ̀yìn odi rí. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa gàá.

Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1958

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka ewì Wọlé Ṣóyínká ní ilé ìwé, èyí tó dá lórí ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń wá yàrá háyà lórí tẹlifóònù, tí onílé sì ń bi í bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn fún àwọn adúláwọ̀ tó wọ Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò náà. Onílé díẹ̀ ló ń gbà wọ́n, àwọn ilé tí ó sì ti hun jẹ ni wọ́n ń rí gbà. Notting Hill jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1958, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tú jáde sí ìgboro ibẹ̀, wọ́n ń lé àwọn ará erékùṣù Karíbíánì kiri, wọ́n sì ń sọ òkò lu fèrèsé ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni rògbòdìyàn náà fi gbóná.

Obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà tó ń jẹ́ Claudia Jones. Trinidad ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915, òun ló sì dá ìwé ìròyìn West Indian Gazette sílẹ̀ ní Brixton. Ó ronú pé ìkéde nìkan kò lè wo irú ọgbẹ́ yìí sàn. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1959, ó kó àwọn olórin, oníjó àti àwọn tó ń lu ìlù onírin jọ sínú gbọ̀ngàn St Pancras, wọ́n sì ṣe ọdún ìlú wọn láàárín otútù. Ohun tó wú mi lórí jù ni ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò ọjọ́ náà: wọ́n ní apá kan owó tí àwọn bá rí ni àwọn yóò fi ran àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú rògbòdìyàn náà lọ́wọ́ láti san owó ìtanràn wọn, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ funfun. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń bá ọmọ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n san gbèsè.

Ṣé ilẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Rárá o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, àwọn aláwọ̀ funfun kan gún ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan tó wá láti Antigua, Kelso Cochrane, pa ní òpópónà Notting Hill. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nílé ẹjọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sin òkú rẹ̀, dúdú àti funfun sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1966, Rhaune Laslett, obìnrin kan tó ń gbé àdúgbò náà, ṣètò ayẹyẹ fún àwọn ọmọdé ibẹ̀, láìka ibi tí òbí wọn ti wá sí. Ẹgbẹ́ onílù onírin Russell Henderson bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí wọ́n ṣe ń lù, àwọn ènìyàn tú jáde nínú ilé, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn. Láti inú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ọdún Notting Hill tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí ti dàgbà. Àwọn òpópónà tí wọ́n ti ń lé ènìyàn kiri wá di ibi tí ènìyàn ti ń jó.

Ọdún 1947, ní Èkó àti ní Ọ̀yẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òkèèrè nìkan ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní oṣù Kejì ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ́fíìsì àwọn amúnisìn rán wá láti Lọ́ńdọ̀nù, dé sí Bristol Hotel ní Èkó. Nígbà tí àwọn tó ni ilé ìtura náà rí i pé adúláwọ̀ ni, wọn kò fún un ní yàrá mọ́. Inú bí àwọn ará Èkó, wọ́n fẹ̀hónú hàn, ìjọba sì kéde ní ọdún náà pé òun kò fara mọ́ ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà mọ́.

Ní ọdún kan náà, ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére níbẹ̀ ni Bámidélé, ọmọ Àrẹògún ti Òsì. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Òsì àti Eruku wà. Àrẹògún, bàbá rẹ̀, ti gbẹ́ ère fún àwọn olórìṣà àti àwọn ọba títí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Lámídì Fákẹ́yẹ, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé, Mùsùlùmí sì ni òun. Ẹ wo ìjókòó yìí dáadáa: àlùfáà òyìnbó, ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ère òrìṣà, àti ọmọ Mùsùlùmí, gbogbo wọn wà nídìí iṣẹ́ kan náà ní àkókò tí ilé ìtura kan ní Èkó kò lè gba adúláwọ̀ sùn. Lámídì wá di ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn jù lágbàáyé.

N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan dọ́gba lábẹ́ àtíbàbà náà. Àwọn àlùfáà ló ń wá iṣẹ́, àwọn ló sì ń sọ ìtàn tí wọ́n fẹ́ kí igi náà pa. Síbẹ̀ àdá àti ọ̀bẹ kì í purọ́: nídìí igi, òyìnbó ni akẹ́kọ̀ọ́, Bámidélé ni ọ̀gá. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú ipò bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ka ìwé àdéhùn.

Ohun tí mo rí kọ́

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ohun kan ló yé mi. Iṣẹ́ ọnà kì í wó ààlà fúnra rẹ̀. Ijó lè parí, kí oníkálukú sì padà sí àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ìkórìíra tó gbé wá. Ohun tí iṣẹ́ ọnà lè ṣe ni pé kó fún àwọn tó ń bẹ̀rù ara wọn ní nǹkan tí wọn yóò jọ gbé lọ́wọ́, kí ojú lè fara balẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú lè rí ọ̀nà jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jáde, ariwo lásán ni ìlù. Claudia Jones kò dákẹ́ nípa ọ̀rọ̀ Notting Hill nítorí pé ó ń ṣe ọdún. Ó gbé owó ìtanràn náà sí iwájú gbogbo ènìyàn. Bí àwa náà bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Eruku, a gbọ́dọ̀ lè dárúkọ àwọn tó kú àti àwọn tí wọ́n jí gbé lójú àwọn ará gàá, kí àwọn náà sì lè sọ ohun tí ojú wọn rí lójú tiwa. Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ṣùgbọ́n kí obì tó jáde, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ ni, a kò lè sọ pé a kò ní iṣẹ́ ọnà. Ilẹ̀ agbẹ́gilére ni ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2022, Yúnifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ Bámigbóyè, ọmọ Odò-Ọwà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ẹni tó gbẹ́ àwọn ère Ẹ̀pà ńláńlá. Ohun tí ayé ń rin ìrìn àjò lọ wò ní òkèèrè, ẹ̀yìnkùlé wa ló ti wá.

Igbá méjì

Nígbà tí mo tún lọ sílé, mo bẹ ìyá mi pé kó jẹ́ kí n pe ìyá oníwàrà wọlé. Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà kí wa láti ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àga méjì síta sábẹ́ igi máńgòrò, ìyá mi sì jáde wá jókòó.

Ọ̀rọ̀ kò kọ́kọ́ sí. Ojú mi wá bọ́ sára igbá tó fi gbé wàrà wá. Wọ́n fín ọnà sí i lára yíká. Mo béèrè ẹni tó fín in, ó ní ìyá òun ni. Láìsọ nǹkan kan, ìyá mi dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé igbá fínfín kan jáde, igbá ìgbéyàwó rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ rà fún un. Àwọn méjèèjì gbé igbá sórí itan. Wọ́n ń fi ìka tọ ipa ọnà ara wọn. Ọnà igbá àwọn Ọ̀yọ́ àti ti àwọn Fúlàní kò jọra, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló fín méjèèjì, ìyá ló sì fi jogún fún ọmọ.

Orí igbá ni ìyá mi tẹjú mọ́ nígbà tó sọ ọ́. "Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Mi ò mọ ẹni tí mo lè máa bẹ̀rù ni mo ṣe ń bẹ̀rù gbogbo ènìyàn."

Obìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ìyá, àwa náà ò sùn lóru ọjọ́ yẹn," ni ó sọ. "Bí àwọn tó níbọn bá dé, wọn kì í béèrè ẹ̀yà. Bí ọ̀dọ́ ìlú bá sì bínú jáde, àwọn náà kì í béèrè ẹni tó ṣe é." Ó ní àwọn ọmọ òun kì í tẹ̀ lé òun wá sọ́jà mọ́. Ìyá mi béèrè orúkọ àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

N kò fẹ́ tan yín jẹ. Ìyá mi kò tíì lọ sí gàá, obìnrin náà kò sì tíì wọ pálọ̀ wa. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ṣì ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń ra wàrà padà, ó sì máa ń bi í léèrè àlàáfíà àbígbẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kí ó tó béèrè iye owó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí Sábó bá wà ní ìlú yín, tàbí gàá, tàbí òpópónà kan tí ẹ kì í yà sí nítorí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹ wá ohun kan tí ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n ṣe, ìbáà jẹ́ igbá fínfín, ìlù lílù tàbí aṣọ híhun. Ẹ jọ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ń dun oníkálukú jáde níbẹ̀, kódà bó bá korò. Gàá tó wà ní ẹ̀yìn ìlú nígbà kan ni mò ń gbé lónìí ní Ìlọrin. Mo ń gbàdúrà pé kí ọmọ ọmọ ìyá mi àti ọmọ ọmọ ìyá oníwàrà jọ gbé àdúgbò kan ní Eruku lọ́jọ́ iwájú, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ibi tí ààlà ti wà rí.